Ọmọ mi ní a ki ẹ̀sìn bọ òun lórí láti kékeré, kò sì fẹ́ kí bíṣọ́ọ̀bù gbọ́wọ́ lé òun. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Màmá Tóbi, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, èmi náà wá gbé tèmi wá lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Àkọ́bí mi ọkùnrin ti ṣe wáẹ́ẹ̀kì tán, ó ń retí kí yunifásítì mú un. Ìjọ Áńgílíkà ni wá láti ìgbà ìyá bàbá mi. A ṣàmì fún ọmọ yìí nígbà tó wà ní ìkókó. Ó lọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi dé ìparí, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, òun ni wọ́n sì máa ń ní kó ka ẹ̀kọ́ kìíní tó bá ti kan àwọn ọ̀dọ́. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá gbọ́wọ́ lé àwọn ọmọ lóṣù tó ń bọ̀, orúkọ rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé. Àfi bó ṣe ní òun ò ṣe.

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Mò ń já ẹ̀fọ́ ní kíṣìn, ó jókòó tì mí, ó ń bá mi já a, ló bá là á mọ́lẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ká ní Sókótó lẹ bí mi sí, mùsùlùmí ni ǹ bá jẹ́. Ká ní Táílàǹdì ni, ẹlẹ́sìn Búdà ni ǹ bá jẹ́. Ṣé ibi tí wọ́n bá bíni sí ni òtítọ́ wà ni?" Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n ń da omi sí òun lórí, ta ló bi òun? Ó ní àwọn òyìnbó tó kó wa lẹ́rú náà ló gbé e wá, a sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Èyí tó dùn mí jù ni pé ó ní èmi àti bàbá òun ò kọ́ òun lẹ́sìn, ṣe la kì í bọ òun lórí kí òun tó lè fúnra òun ronú.

Bàbá ẹ̀ gbọ́, ó gbaná jẹ. Ó ní tí kò bá kúnlẹ̀ níwájú bíṣọ́ọ̀bù, kó lọ máa wá ẹni tó máa sanwó ilé ìwé fún un. Látìgbà náà, bí wọ́n bá jọ wà ní pálọ̀, ẹnì kan á dìde fún ẹnì kejì.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé òótọ́ lọmọ yìí ń sọ, pé ìgbàgbọ́ tá a fi tọ́ wọn, ọpọlọ wọn la fi ń fọ̀? Ṣé ká sì fi dandan mú un lọ?

Bàbá Kátíkíìsì, Abẹ́òkúta

Màmá Tóbi, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń múra fún ìgbọ́wọ́lé ní ìjọ wa, láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú.

Ẹ jẹ́ ká mú ti òyìnbó kúrò nílẹ̀ ná, torí òun lọ̀rọ̀ táwọn ọmọ ìwòyí ń sọ láìwádìí. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn ni. Ilẹ̀ Yorùbá níbí ni wọ́n ti kó o lógun lọ́dún 1821, wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dénú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Ọdún 1825 ló tó ṣèrìbọmi, ó sì ti lajú nígbà yẹn. Nígbà tó dé Abẹ́òkúta ní 1846, ó rí ìyá rẹ̀ tí wọ́n ti yà wọ́n láti ọdún tí wọ́n kó o. Ìyá náà ò torí pé ọmọ òun ti di àlùfáà kó sáré wọ ìjọ. Ó di 1848 kí wọ́n tó ṣàmì fún un.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbàgbọ́ ní ìlú wa yìí, ojú wọn rí màbo. Ní 1849 wọ́n nà wọ́n, wọ́n kan àbà mọ́ ẹsẹ̀ àwọn míì, wọ́n ní kí wọ́n padà sídìí òrìṣà ilé wọn. Nígbà tó di 1867, Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò nílùú, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìfọ́lé làwọn bàbá wa ń pè é. Tó bá jẹ́ pé òyìnbó ló di ẹ̀sìn yìí mú, ìgbà yẹn ló yẹ kó kú. Kò kú. Ọmọ Yorùbá ló ń bá a lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì yín pé ẹ kọ́ ọmọ yín. Tìmótì nínú Bíbélì, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ ló ti bá ìgbàgbọ́. Ti pé kẹ́ ẹ mú ọmọ lọ tàbí kẹ́ ẹ má mú un lọ, màá padà wá sórí ẹ̀ lálẹ́, wọ́n ti ń pè mí sí ìpàdé.

Délé, Èkó

Ẹ kú ọjọ́, Bàbá. Ẹ má bínú sà, mo fẹ́ tako yín díẹ̀.

Ìtàn tẹ́ ẹ sọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n kan àbà mọ́ lẹ́sẹ̀ ní 1849 mọ ohun tó fi sílẹ̀, ó mọ èyí tó mú. Ọmọ tí wọ́n bí sínú ìjọ lónìí ò mọ òmíràn. Ẹ sì fo nǹkan kan: ilé ìwé. Míṣọ́n ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilé ìwé ayé ìgbà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun mọ̀wé, ibẹ̀ ló máa mú un lọ, ọmọ á sì máa kọrin wọn láàárọ̀, á gba orúkọ wọn. Kí ló fà á táwọn mùsùlùmí Èkó fi dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní 1923? Wọ́n fẹ́ kọ́mọ wọn kàwé láìfi ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ san owó ẹ̀ ni. Wọn ò fi ẹgba na ẹnikẹ́ni wọ ìjọ, àmọ́ ẹ má pè é ní yíyàn.

Màmá Tóbi, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo dàgbà nínú ìjọ ńlá kan tí mi ò ní dárúkọ. Mo wà lọ́mọ ọdún méjìlá nígbà tí mo bi olùkọ́ wa pé báwo ni gbogbo ẹranko ayé ṣe wọ ọkọ̀ Nóà. Mo fẹ́ mọ̀ ni, mi ò fi ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀mí àgídí ló ń lò mí. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú mi síwájú ìjọ, àwọn àgbà ọkùnrin dì mí lápá méjèèjì, wọ́n da òróró sí mi lórí. Ó ń ṣàn wọ̀ mí lójú, ojú ń ta mí, mò ń sunkún, wọ́n ń pariwo pé ẹ̀mí náà ti ń jáde. Màmá mi wà lórí ìjókòó kejì, àwọn náà ń ké àmín. Mi ò tún béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ títí mo fi kúrò nílé. Ìgbà tí mo sì kúrò, mo kúrò pátápátá. Mi ò gba Ọlọ́run kankan gbọ́ lónìí.

Ọmọ yín ṣì ń jókòó tì yín já ẹ̀fọ́, mà. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ pé ọmọ tí wọn ò fẹ̀sìn tọ́ á ya ìpáǹle. Tai Solarin ò gba Ọlọ́run gbọ́. Ní 1956 ó dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, kò sí àdúrà àárọ̀, kò sí orin ìsìn, àwọn tó sì jáde níbẹ̀ kún ìlú, wọ́n ń ṣe dáadáa.

Àlàájà, Ìṣẹ́yìn

Délé ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ohun tí wọ́n fojú ẹ rí yẹn ò dáa rárá. Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n mo kà á, ara mi bù máṣọ.

Síbẹ̀ jẹ́ kí n bá ẹ jiyàn. Ilé ìwé míṣọ́n lèmi náà lọ, kí ìjọba tó gbà wọ́n lọ́wọ́ míṣọ́n. Mo mọ Àdúrà Olúwa lórí. Orin wọn kì í tán lẹ́nu mi tí mo bá ń gbálẹ̀, àwọn ọmọ mi a sì máa fi mí rẹ́rìn-ín. Mùsùlùmí ni mo wọ ibẹ̀, mùsùlùmí ni mo jáde, mo sì ti dé Mẹ́kà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó wà nílé kéú, a ó fi tàdáà kọ ọ́ sórí wàláà, a ó máa ké e láìmọ ìtumọ̀, pàṣán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfáà. Ta ló bi mí kí wọ́n tó gbé wàláà lé mi lọ́wọ́? Ta ló bi mí kí wọ́n tó kọ́ mi láti kúnlẹ̀ kí àgbà? Tó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ́ ọmọ kó tó gbọ́njú ni fífọ ọpọlọ, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tí wọn ò fọ ọpọlọ ẹ̀ láyé, Solarin náà sì fọ tàwọn ọmọ tiẹ̀, torí ó kọ́ wọn gidi pé ọwọ́ ara wọn ni kí wọ́n gbójú lé. Ọmọ tí a ò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ti Sókótó tí ọmọ yẹn sọ, ó gbọ́n, ṣùgbọ́n kò parí ọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n bí mi sí ló jẹ́ kí n tètè gbọ́ Kùránì. Ibi téèyàn ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kì í sọ ọ̀rọ̀ di òótọ́, kì í sì í sọ ọ́ di irọ́. Ẹni tí wọ́n bí sílé dókítà ló máa kọ́kọ́ gbọ́ pé kòkòrò ló ń fa ibà. Ṣé torí pé ilé bàbá ẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, ó wá di irọ́?

Délé, Èkó

Ẹ ṣé mà, Àlàájà. Mo gbà fún yín lórí pé kò sílé tí wọn ò ti kọ́ ọmọ ní nǹkan.

Ti kòkòrò ibà ńkọ́? Èmi lè lọ wò ó nínú ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan tóbi. Ará Sókótó á wò ó, ará Táílàǹdì á wò ó, ohun kan náà ni gbogbo wa máa rí. Ti ọ̀run ńkọ́? Ọmọ yẹn ò ní irọ́ ni ẹ̀sìn ìyá òun. Ohun tó ń béèrè ni pé yàtọ̀ sí pé ibẹ̀ ni wọ́n bí yín sí, kí lẹ tún ní lọ́wọ́?

Awo, Òṣogbo

Àbọrú àbọyè, gbogbo ilé.

Ní ìdílé tiwa, ọmọ ò tíì lè gbé ọrùn dúró tí wọ́n á ti gbé e lọ sídìí Ifá fún àkọsẹ̀jayé, kí wọ́n lè mọ irú ẹsẹ̀ tó gbé wáyé. A kì í bi í. Nítorí náà mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà pé ó ṣàmì fún ọmọ ìkókó.

Ẹ̀rù ni mo ní ká sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọmọ aládùúgbò mi kan, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ó máa ń wá bá ọmọ mi gbá bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ kan ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, ó ń wo ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Bàbá, ṣé iná yẹn ti ń jó yín báyìí, àbí ó dìgbà tẹ́ ẹ bá kú?" Wọ́n ti sọ fún un níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn pé iná ọ̀run àpáàdì làwọn babaláwo ń lọ. Àánú mi ló ń ṣe é. Ọmọ yẹn ò sùn dáadáa, ìyá rẹ̀ ló sọ fún mi. Ìyẹn gan-an lèmi máa pè ní kíkì bọ orí. Kẹ́ ẹ kọ́ ọmọ pé Ọlọ́run ló dá a, ó dáa. Kẹ́ ẹ fi iná dẹ́rù bà á kó tó lè ka á-bí-dí, kí ló fẹ́ fi ronú lẹ́yìn ìyẹn?

Nọ́ọ̀sì, Leeds

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀ka àìsàn ọpọlọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ fífọ ọpọlọ yìí, torí àwọn èèyàn ń lò ó fẹ́rẹ̀.

Dókítà ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Robert Lifton. Ó lọ sí Hong Kong láàárín ọdún 1954 sí 1955, ó fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ti ọgbà ẹ̀wọ̀n Ṣáínà jáde lẹ́nu wò, àwọn tí wọ́n fẹ́ fipá yí ìrònú wọn padà. Ní 1961 ó kọ àwọn àmì tó rí jáde, mẹ́jọ ni. N ò ní ka gbogbo ẹ̀. Wọ́n á ká èèyàn mọ́, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ míì yàtọ̀ sí tiwọn. Wọ́n á máa fipá mú un jẹ́wọ́, léraléra. Ohun tí ojú tirẹ̀ rí ò já mọ́ nǹkan, tó bá ti tako ẹ̀kọ́ wọn, ojú ẹ̀ ló parọ́. Ẹni tó bá sì wà lẹ́yìn òde ẹgbẹ́ wọn, bíi pé kì í ṣèèyàn ni. Ẹ fi ìyẹn wo ilé Màmá Tóbi. Ọmọ yẹn lọ ilé ìwé, ó ń ka ohun tó fẹ́, ó ti gbọ́ nípa Búdà, ó sì lè wo ojú ìyá rẹ̀ kó ní òun ò ṣe. Ẹni tí wọ́n fọ ọpọlọ ẹ̀ ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún fi wo ohun tí wọ́n ṣe fún Délé. Mélòó nínú àmì yẹn ni kò sí níbẹ̀? Ẹ̀sìn kan náà ni, Bíbélì kan náà ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ẹni tó bá béèrè ló yàtọ̀.

Ti pé kí ló ń jẹ́ kéèyàn gba nǹkan gbọ́, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Joseph Henrich kọ nípa ẹ̀ ní 2009. Ó ní kì í ṣe ẹnu nìkan lọmọ ń gbọ́, ọwọ́ ló ń wò. Tí bàbá bá ní Ọlọ́run wà, ọmọ á wò ó bóyá bàbá ń fi nǹkan tó ń dun òun sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run yẹn: oúnjẹ rẹ̀, owó rẹ̀, oorun rẹ̀, ìgbéraga rẹ̀. Tó bá rí i, á gbà á gbọ́. Tí kò bá rí i, àlàyé ò ràn án. Ó bá ohun tí mo rí mu.

Ó ní màmá Yorùbá kan tí mo tọ́jú níbí. Àìsàn ìgbàgbé ti mú wọn jìnnà, wọn ò mọ ọmọ wọn mọ́, wọn ò mọ̀ pé ìlú òyìnbó làwọn wà. Ìgbà míì wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jà tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ fún wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ Sáàmù kẹtàlélógún ní Yorùbá lọ́jọ́ kan, mo dúró lágbede méjì torí mo fẹ́ mú tówẹ́ẹ̀lì. Wọ́n gbà á lẹ́nu mi, wọ́n kà á dé òpin, láìfò ọ̀rọ̀ kan, ọwọ́ wọn sì rọ̀ sínú tèmi. Ọmọdé ni wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n ti lè nà wọ́n lórí ẹ̀ pàápàá. Tẹ́nì kan bá ní ọpọlọ wọn ni wọ́n fọ̀, èmi á ní kó wá dúró síbi tí mo dúró sí lọ́jọ́ yẹn.

Délé, Èkó

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Mi ò rò pé ó fi hàn pé Ọlọ́run wà, ṣùgbọ́n mi ò ní fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gba Sáàmù yẹn lọ́wọ́ wọn.

Màmá Tóbi, Ìbàdàn

Ẹ ṣé, gbogbo yín. Mo ń kà á, mo ń padà sẹ́yìn kà á.

Délé, ìbéèrè tó o bi Àlàájà, èmi náà ń bi ara mi látàná, pé kí ni mo ní lọ́wọ́. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní pírámárì. Gàrí ni ìyá mi ń tà. Àwọn àbúrò bàbá mi kó ẹrù ilé, títí dórí màṣíìnì ìránṣọ. Mo rí i tí ìyá mi sin ọ̀kan nínú wọn lálẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ ò yá, ó gbé omi gbígbóná lọ fún un, nítorí ó ní Jésù ní kí òun dárí jì í. Kò rọrùn fún un. Mo ń gbọ́ ọ tó ń sunkún sínú àdúrà lóru, ó ń sọ fún Ọlọ́run pé òun ò fẹ́ ṣe é. Ó sì ṣe é. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé ẹnì kan ń bá a sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì lè ní ìwà ìyá mi ni. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀, torí mo mọ ìwà ìyá mi.

Mo ti sọ ọ́ fún Tóbi. Kò tíì gbọ́ ìtàn yẹn rí. Kò sọ nǹkan kan, àmọ́ kò dìde.

Ó ku ti bàbá ẹ̀, àti ti bíṣọ́ọ̀bù.

Tíṣà Ọjọ́ Ìsinmi, Iléṣà

Màmá, ẹ kú ìrántí ìyá. Mo fẹ́ fèsì lórí omi tí wọ́n dà sí ọmọ lórí, torí kò sẹ́ni tó kàn án.

Ẹ sọ fún Tóbi pé kì í ṣe òun lẹni àkọ́kọ́. Nígbà tí àrùn lukuluku, àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn yẹn, jà ní 1918, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì pa, oògùn ò ran, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ gbàdúrà. Ibẹ̀ wà lára ibi táwọn Aládùúrà ti ṣẹ̀. Nígbà tó di 1922 àwọn wọ̀nyẹn kúrò nínú ìjọ tí wọ́n ti ń bọ̀, ọ̀kan pàtàkì lára ohun tó sì lé wọn jáde ni pé wọ́n ní àwọn ò ní ṣàmì fún ọmọ ìkókó mọ́, kí ọmọ dàgbà kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, Yorùbá ni wọ́n. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ń sọ ohun kan náà kí wọ́n tó dé. Ibí yìí ní Òkè-Oòyè ní 1930, nígbà tí Wòlíì Babalọlá ń wàásù, géńdé àti arúgbó ló ń dà wá, wọ́n ń kó oògùn wọn wá sun. Àwọn yẹn ò bá ìgbàgbọ́ nílé baba wọn. Wọ́n wá a wá ni, torí ara ń ni wọ́n.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ọ̀rọ̀ Bàbá Awo lọ sí mi lára. Nínú kíláàsì mi a kì í fi ọ̀run àpáàdì kọ́ ọmọ tí kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìjà ni mo fi gbà á lọ́wọ́ àwọn àgbà ìjọ. Jésù fúnra rẹ̀, nígbà táwọn èèyàn ń padà lẹ́yìn rẹ̀, ó yíjú sí àwọn méjìlá, ó bi wọ́n bóyá àwọn náà fẹ́ lọ. Jòhánù orí kẹfà ni. Kò ti ilẹ̀kùn.

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá, nínú ìwé òfin 1999, abala 38, sọ pé kò sílé ìwé tó lè fipá mú ọmọ ṣe ìsìn tí kì í ṣe tiẹ̀. Ilé ìwé lòfin yẹn ń bá wí lóòótọ́, kì í ṣe bàbá. Ṣùgbọ́n bàbá náà ní ẹ̀rí ọkàn.

Bàbá Kátíkíìsì, Abẹ́òkúta

Ẹ kú alẹ́. Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Tíṣà, ti ọmọ ìkókó, a ò ní fohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀, èmi gbà pé ọmọ ní ìpín nínú ilé kó tó mọ̀ pé ilé ni. Ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Màmá Tóbi, ẹ gbọ́ mi dáadáa, kẹ́ ẹ sì ka ibí yìí fún bàbá ẹ̀. Kí ni bíṣọ́ọ̀bù máa ń ṣe lọ́jọ́ yẹn? Kó tó gbọ́wọ́ lé ẹnikẹ́ni, ó máa ń bi wọ́n léèrè níwájú gbogbo ìjọ, pé ẹ̀jẹ́ tí àwọn òbí ìsàmì wọn jẹ́ fún wọn nígbà tí wọn ò tíì lè sọ̀rọ̀, ṣé àwọn fúnra wọn ń tún un jẹ́ báyìí? Ọmọ á sì fẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Ìdí tí ìsìn náà fi wà gan-an nìyẹn. Tóbi ní wọn ò bi òun. Òun ni wọ́n ń bọ̀ wá bi yìí! Ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní rárá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a jẹ́ pé wọn ò bi í.

Tí bàbá ẹ̀ bá fi owó ilé ìwé mú un kúnlẹ̀, ọmọ yẹn á dúró níwájú pẹpẹ, á parọ́ fún Ọlọ́run, bàbá rẹ̀ ló sì máa kọ́ ọ nírọ́ yẹn. Ohun tó fẹ̀sùn ẹ̀ kàn yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá sọ ọ́ di òótọ́. Nínú kíláàsì tèmi, tí ọmọ kan bá sọ fún mi pé òun ò gbà á gbọ́, èmi ni mo máa yọ orúkọ ẹ̀. Mo ti ṣe é rí, àwọn òbí kan sì bínú sí mi gan-an. Owó ilé ìwé ò sí lára ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. Kó san án.

Délé ọmọ mi, àwọn tó dì ọ́ lápá yẹn ló jẹ̀bi. Ìbéèrè ọmọdé lo béèrè.

Délé, Èkó

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ọ̀kan tó kù. Tí ọmọ yìí ò bá padà wá ńkọ́? Tó bá ní rárá títí láé?

Bàbá Kátíkíìsì, Abẹ́òkúta

Á dùn mí. Màá máa gbàdúrà fún un lójoojúmọ́, n ò sì ní fi pa mọ́ fún un pé mò ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n màá ṣì jẹun nílé ẹ̀ tó bá ń ṣègbéyàwó. Ọmọ tèmi kan wà ní Kánádà tí kò dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, a sì máa ń sọ̀rọ̀ lálaalẹ́ ọjọ́ ìsinmi.

Àlàájà, Ìṣẹ́yìn

Ọlọ́run á tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Màmá Tóbi, ẹ má bá bàbá ẹ̀ sọ ọ́ níwájú ọmọ o. Ẹ jẹ́ kó jẹun tán, kẹ́ ẹ tó fi ọ̀rọ̀ Bàbá Kátíkíìsì hàn án. Ọkùnrin tó bá ti búra lójú ọmọ rẹ̀, ó máa ń ṣòro fún un láti yí ọ̀rọ̀ padà lójú ọmọ kan náà.

Màmá Tóbi, Ìbàdàn

Àlàájà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe. Ó ka ti Bàbá Kátíkíìsì, ó tún un kà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní òun ò rántí pé ìbéèrè ni bíṣọ́ọ̀bù máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ó ní òun á sanwó. Ó ní Tóbi gbọ́dọ̀ máa wà níbi àdúrà ilé tó bá wà lábẹ́ òrùlé òun, Tóbi ní òun á máa jókòó síbẹ̀, òun ò ní máa ka ẹsẹ Bíbélì. Wọn ò tíì parí ìyẹn, wọ́n ṣì ń fà á.

Mò ń lọ bá fíkà lọ́jọ́rú kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Bàbá Kátíkíìsì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi ni mo máa sọ fún àwọn òbí ìsàmì ẹ̀, àbí ìjọ ló máa sọ fún wọn? Ọ̀kan nínú wọn ti ra aṣọ funfun fún un.

Bàbá Kátíkíìsì, Abẹ́òkúta

Kí Tóbi fúnra rẹ̀ lọ sọ fún wọn, kẹ́ ẹ bá a lọ. Ẹ dá aṣọ padà, kí wọ́n bá yín fi fún ọmọ míì tó ń gba ọwọ́ lọ́dún yìí tí kò ní.